Àfọ́kù Igbá Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́. Opó ni mí, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, èmi nìkan ni mo sì ń gbé yàrá àti pálọ̀ mi ní Ìkòsí, nítòsí Ketu. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò pòwe o. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú àpò ìrẹsì, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo ti ń sùn lé e lórí.

Ǹ bá dákẹ́ títí n ó fi wọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kan pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday, oorun ò sì kùn mí látìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọkọ mi. Nígbà tí màmá ẹ̀ wá bá wa gbé ní Ketu, orí itan ni wọ́n gbé igbá kan lé nínú mọ́tò láti ilé dé ibí, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbà á. Igbá fínfín ni. Alángbá méjì wà lára ẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn. Ìyá ọkọ Màmá ló fún wọn. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí nínú ẹbí yẹn, inú igbá yẹn ni wọ́n ń kó oyin, iyọ̀ àti ààdùn sí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọkọ mi, inú ẹ̀ ni. Àbúrò ẹ̀, inú ẹ̀ náà ni.

Èmi ò bímọ. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin mí wá sílé ọkọ, wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá da igbá tuntun kan dé sílẹ̀, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àṣà wa mọ̀ pé iye tí igbá yẹn bá fọ́ sí, iye ọmọ tí ìyàwó máa bí nìyẹn. Mo fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kà á, ó jẹ́ mẹ́fà. Màmá jó! Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́fà ni wọ́n ń pè mí látọjọ́ náà, títí ó fi di ohun tí àwọn fúnra wọn ò lè pè mọ́. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ọ̀kan tó wá.

Àbúrò ọkọ mi wá gbé ìyàwó tiẹ̀ wálé. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Bọ̀sẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gan-an. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀: "Aunty mi, ẹ káàárọ̀ mà." Kò pẹ́, ó bí ọmọbìnrin. Nínú ilé wa, ìyá ọmọ ló máa ń fi òrí pa igbá náà kó lè dán, kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Bọ̀sẹ̀ pa á, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo wọn wà níta, wọ́n ń to àga. Màmá ní kí n wọlé lọ gbé igbá wá. Mo gbé e. Ó ń dán, òórùn òrí sì wà lára ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ohun tó gùn mí. Mi ò bínú sí ọmọ yẹn, mi ò bínú sí ìyá ẹ̀. Mo kàn ń rò ó pé igbá tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, igbá ọjà ni. Bóyá kò mọ̀ mí. Bóyá èyí tó jẹ́ ti ilé máa mọ̀ mí. Mo bọ́ sálúbàtà mi. Mo da igbá náà dé sílẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Ó fọ́ sí mẹ́ta. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ayọ̀ ló kọ́kọ́ sọ nínú mi. Mo ní, "Mẹ́ta náà tó, Olúwa, mo gbà." Ìgbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá lẹ́nu ọ̀nà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe.

Wọ́n bi mí pé ta ló fọ́ ọ. Mo ní, "Bọ̀sẹ̀ ló gbé e kẹ́yìn, Màmá. Etí kọ́bọ́ọ̀dù ló gbé e sí." Ẹ wò ó, ó pẹ́ tí mo ti ń fi ìyẹn tan ara mi: mi ò ṣáà sọ pé òun ló fọ́ ọ. Irọ́ lásán ni. Èmi ni mo di ẹ̀ṣẹ̀ náà rù ú.

Bọ̀sẹ̀ kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Bóyá mi ò gbé e síbi tó dáa." Háà! Ó ń bẹ̀bẹ̀ ohun tí kò ṣe, èmi sì dúró síbẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi. Màmá ní obìnrin tó bá fọ́ igbá ilé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé gan-an ló fẹ́ fọ́. Abọ́ ike ni wọ́n fi sọ ọmọ náà lórúkọ. Màmá ò gbé ọmọ náà rí títí wọ́n fi kú. Ọdún yẹn ò parí tí àbúrò ọkọ mi fi kó ìyàwó ẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, òun àti ọkọ mi ò sì jọ jẹun mọ́.

Wọ́n ní kí n lọ da àfọ́kù náà nù. Mo ní mo ti dà á nù. Mi ò lè dà á nù. Mẹ́ta yẹn ṣáà ni tèmi.

Ẹní bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Màmá ti lọ, ọkọ mi ti lọ, àbúrò ẹ̀ náà ti lọ. Ìdákẹ́jẹ́ ilé mi ń dẹ́rù bà mí. Ọjọ́ míì wà tó jẹ́ pé "ẹ kúulé" tí mo kí alájọgbé mi nìkan lọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí. Fúnmi ni, ọmọ tí wọ́n fi abọ́ ike sọ lórúkọ. Alápẹ̀rẹ̀ lòun àti ọkọ ẹ̀ ń gbé. Tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday, á pè: "Big Mummy, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo máa ń gbé fóònù sórí itan láti àárọ̀ dè é.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Sunday tó kọjá yìí, ó ní, "Big Mummy, Mummy mi ní kí n bi yín, báwo ni ara igbá ìjọ́sí yẹn ṣe rí gan-an? Wọ́n ti rí ẹni tó máa fín òmíràn fún wọn l'Ọ́yọ̀ọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ kù nínú àwọn àgbà, pé ẹ̀yin ni wọ́n máa kúnlẹ̀ gbé e fún kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán nílẹ̀."

Mo fa àpò ìrẹsì jáde, mo tú u. Mo ní, "Alángbá méjì ni. Wọ́n kọjú síra wọn." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ò gbàgbé!"

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta igbá ní Mile 12. Ó ní wọ́n lè lu ihò sí i létí, kí wọ́n fi okùn rán an, á tún gba nǹkan dúró, ṣùgbọ́n ojú àpá ò lè jọ ojú ara.

Ọ̀túnla ni Bọ̀sẹ̀ ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n rán an kí n tó gbé e fún un, àbí kí n gbé e fún un ní mẹ́ta bó ṣe wà yìí, kí n sọ pé ẹsẹ̀ mi ló fọ́ ọ? Tàbí kí n jókòó, kó kúnlẹ̀ fún mi, kí n gba tuntun lọ́wọ́ ẹ̀? Mo mọ èyí tó yẹ, ẹ má rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tí mo bá sọ ọ́, tí Sunday bá wá dé, ta ló máa bi mí bóyá mo ti jẹun?