Ilẹ̀kùn Fírísà

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù yìí, ẹ gbọ́ òtítọ́ lónìí: oògùn orúnkún tí ẹ ń torí rẹ̀ yìn mí, kò sí. Ìyìn yín ti sú mi. Èmi fúnra mi ti sú ara mi.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa. Làkúrègbé a máa jẹ kèrékèré, eegun rírọ̀ àárín orúnkún, tán, eegun á sì máa ha eegun. À ń wá maikro-RNA, èérún tíntìntín tó ń pa àwọn jíìnì kan lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó bá dín kù lára aláìsàn, bóyá abẹ́rẹ́ lè dá a padà. Kèrékèré aláìsàn wà níwájú fírísà, ti ẹni tí orúnkún rẹ̀ dára wà lẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe ṣí i ni àǹtí mi tó tọ́ mi dàgbà, tí làkúrègbé ń bá orúnkún wọn jà, pè mí. “Ọmọ mi, àtẹ̀gùn yìí fẹ́ pa mí o. Oògùn mi ńkọ́?” Mo ní, “Ṣé ọbẹ̀ ni, Àǹtí, tí mo kàn fẹ́ gbé kaná?” Mo fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ kanra mọ́ wọn. Ilẹ̀kùn ò wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ti iwájú ti yọ́, ti ẹ̀yìn ṣì gan. Mo pa agogo ìkìlọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo panu mọ́. Èmi tí mo mọ̀ pé maikro-RNA inú ohun tó yọ́ ti bàjẹ́!

Àbájáde dé: maikro-RNA kan ti dín kù lára aláìsàn. Ọ̀gá fò sókè: “Òun nìyí! A ó dá a padà!” Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí à ń pè ní Ẹ-Dúró-Ná, torí kì í tètè gba nǹkan gbọ́, fi kèrékèré tuntun tún un ṣe, kò rí ìyàtọ̀. “Ẹ dúró ná, kí ló dé tí tèmi ò jọ tiyín?” Gbogbo wa la mọ̀ pé òógùn ọwọ́ lásán lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Níwájú ọ̀gá, mo ní, “Ọwọ́ rẹ ni kò mọ́.” Ó wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wò mí. Ọ̀gá gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ ìgò. Ẹ gbọ́ ìkà!

Ibẹ̀ kọ́ ló burú dé. Dókítà dá ọjọ́ tí àǹtí mi máa fi iṣẹ́ abẹ pààrọ̀ orúnkún. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé kí n ṣe é, àbí kí n dúró de tìẹ?” Ẹnu mi yìí ló ní, “Ẹ dúró.” Wọ́n dúró. Ọ̀pá kan di méjì, méjì di kẹ̀kẹ́ aláìsàn, wọ́n ṣì ń fi mí yangàn fún àwọn nọ́ọ̀sì.

Àná ni mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní, “Ilẹ̀kùn lásán? O ò lè sọ pé o gbàgbé ilẹ̀kùn?” Mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, “Dìde jàre, orúnkún tìrẹ ṣì dára. Lọ fi bẹ ọmọbìnrin yẹn ná.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹ pariwo. Ẹ-Dúró-Ná, ẹ wá síwájú níbí, orúnkún mi ti wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ọwọ́ yín mọ́.