Mo Sọ Pákó Ìgbì Di Pákó Òkú

Mo fi orí ìyá mi búra pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n fi orí ìyá mi sílẹ̀ ná. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni òótọ́. Ṣùgbọ́n pé ọ̀gá mi ń rù lójú mi, tí kò sì mọ ẹni tó ṣe é ní ibi, ìyẹn kì í ṣe irọ́ rárá. Èmi ni. Èmi tí mò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, tí mo sì ń sùn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ni mo ba ìgbéyàwó rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rín ni mo sì ń rín nígbà tí mò ń ṣe é lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé ni mò ń pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bíi tiwa. Fọ́ọ̀mù tú ni mo ti sọ fún bàbá mi pé ìwé kò wọ̀ mí lórí mọ́, òun ló wá mú mi lọ bá a ní Ìpọ̀nrí. Iṣẹ́ wa ni pé tí òyìnbó kan bá ń padà sí ìlú rẹ̀, a ó lọ ra ẹrù ilé rẹ̀: àga, fìríìjì, bẹ́ẹ̀dì, rédíò. A ó tún un ṣe, a ó tà á. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà nítorí pé àwọn oníbàárà kì í sábà mọ ohun tí wọ́n ń wò, èmi ni mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn. Mo ti fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ kọfí han ọkùnrin kan rí, mo ní òun ni òyìnbó fi ń fa eyín. Ó di ẹnu rẹ̀ mú, ó jáde. Ẹ̀gbọ́n á kàn ní, "Ìwọ ọmọ yìí, lọ́jọ́ kan wọn ó gbá ẹ létí." Lẹ́yìn náà òun náà á rẹ́rìn-ín.

Àwọn òyìnbó kan wà ní Àpápá tí wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun ní Sátidé, tí wọ́n á dúró lórí pákó kí ìgbì máa gbé wọn sáré bọ̀ létí omi. Pákó ìgbì là ń pè é. Àwọn tuntun kúrú, wọ́n sì fúyẹ́. A ti ta díẹ̀ nínú wọn rí. Àmọ́ lọ́jọ́ kan Ẹ̀gbọ́n ra ògbólógbòó kan tó gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Orí ọmọlanke la gbé e sí, tá a ń tì í bọ̀ láti Àpápá, gbogbo Ìjọra sì ń wò wá. Obìnrin kan ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ já apá bàálù, ọlọ́pàá ń bọ̀ lẹ́yìn yín o."

Nígbà tá a délé, Ẹ̀gbọ́n fi bí a ṣe ń mọ ojúlówó hàn mí. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á láàárín kọjá láti imú dé ìdí, imú rẹ̀ rí róbótó bí orí ṣíbí, lẹbẹ bíi ti ẹja sì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn tí kì í yọ. Ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín amusìgá. Ohun funfun kan gbẹ mọ́ ọn lórí. Mo fẹ́ fi ọ̀bẹ ha á kúrò, Ẹ̀gbọ́n gbá mi lọ́wọ́.

"Fi í sílẹ̀. Àbẹ́là ni. Wọ́n fi ń pa á kí ẹsẹ̀ wọn má baà yọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò, kó lè mọ̀ pé pákó náà ti wọ òkun rí."

Lásìkò yẹn Ẹ̀gbọ́n ti ń múra láti fẹ́ Àǹtí Bísí, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Yaba, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́. Ó kù díẹ̀ kí àwọn ẹbí lọ ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Ẹ sì mọ̀ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣe: kí wọ́n tó fọmọ fún ọkùnrin, wọ́n á rán ẹnì kan lọ wádìí rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa rò pé ọ̀dọ̀ èmi ni wọ́n máa rán ẹni náà sí?

Ìyá kan wọlé pẹ̀lú agbòòrùn ní ọ̀sán tí Ẹ̀gbọ́n lọ sí Ọ̀yìngbò. Gbogbo nǹkan ló ń fọwọ́ kàn, kò sì béèrè iye ẹyọ kan. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fi ṣeré.

"Ọmọ mi, kí ni gbọọrọ yìí?"

"Pákó tí òyìnbó ń tẹ́ òkú wọn sí ni, Màmá."

"Irọ́ lò ń pa."

"Ẹ wo gígùn rẹ̀ náà. Ẹ wo àbẹ́là tó kán sí i lára. Wọ́n máa ń tàn án yí òkú ká ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èékánná ha á, ó gbóòórùn rẹ̀. Àbẹ́là ni lóòótọ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọ̀gá rẹ sì mọ̀?"

"Òun ló ń bá wọn fọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́, á bá wọn wẹ òkú pàápàá. Tó bá délé, á kàn nu ọwọ́, á jókòó ti oúnjẹ."

"Àga tí mo gbá mú yìí ńkọ́?"

"Orí rẹ̀ ni bàbá náà kú sí, Màmá."

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́, ó jáde láìwẹ̀yìn. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sùn gbalaja sórí pákó náà, mo ká ọwọ́ lé àyà bí òkú.

Kò pẹ́ sí i ni èsì dé láti Yaba pé àwọn ti wádìí, kò ṣe é ṣe. Wọn kò sọ ìdí. Àwọn ẹbí kì í sábà sọ ọ́. Àǹtí Bísí wá sí ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ wú. Kò mọ̀ ju pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ti wá síbí rí, pẹ̀lú agbòòrùn. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi.

"Ṣé o rí ìyá kan bẹ́ẹ̀?"

"Ó wá. Ó wo àga, ó lọ."

Ohun tí mo sọ nìyẹn, mo sì ń nu àga lọ. Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀gbọ́n ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ náà lára ara rẹ̀. Ó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bi ìyá rẹ̀ bóyá àìsàn kan wà nínú ìdílé wọn tí wọ́n fi pa mọ́ fún un. Ìyá náà sunkún. Nígbà tí òyìnbó kan wá ra pákó náà, tó wo igi àárín rẹ̀, tó gbọn lẹbẹ rẹ̀ wò, tó gbóòórùn àbẹ́là, tó wá dì mọ́ ọn bí ọmọ ìyá rẹ̀ tó sọnù, Ẹ̀gbọ́n tí ì bá jó kàn ní, "Bá wọn gbé e," ó sì wọlé lọ jókòó.

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo lọ sí Yaba. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá Àǹtí Bísí, mo jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n lọ sọ fún ọ̀gá mi pé kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá.

Irọ́ ni ibẹ̀ yẹn. Mo dé Yaba lóòótọ́, mo kan ilẹ̀kùn, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ó ní, "Ta lò ń wá, ọmọ mi?" Mo ní òùngbẹ ló ń gbẹ mí. Ó bu omi fún mi, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán, ó ní kí n máa rọra nínú oòrùn yìí. Mo dúpẹ́, mo lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà jù mí lọ, kí ni kí n ṣe? Tí Ẹ̀gbọ́n bá lé mi, ó tọ́ sí mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn ará Yaba lè má gbà mí gbọ́. Pákó náà kò sí nílẹ̀ mọ́ tí mo lè fi hàn wọ́n, wọ́n sì lè sọ pé ọ̀gá mi ló rán mi wá. Nígbà tí mo parọ́, wọ́n gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àǹtí Bísí kò tíì gbà fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìyá Ẹ̀gbọ́n ti rí ọmọbìnrin kan fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀gbọ́n sì ti gbà láti lọ wò ó. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ọ̀gá mi ni àbí ìyá Àǹtí Bísí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń gbọ́ Ẹ̀gbọ́n níyàrá, ó ti ń di ẹrù Ògbómọ̀ṣọ́.