Ojú Okùn Lẹ́nu Kànga

Jókòó, Raji. Má tíì máa kó àwọn ìkòkò yẹn sínú àpótí. Kí ni o mọ̀ nípa kànga òjò? Mò ń bi ọ́, dáhùn bí o ti máa ń dáhùn nígbà tí mo ń kọ́ ọ ní kíláàsì. O mọ̀ pé òrùlé ni òjò ń rọ̀ sí. O mọ̀ pé omi ń gba inú ọ̀pá bọ́ sínú kànga. O mọ̀ pé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, a gbọ́dọ̀ gbá òrùlé náà mọ́ tónítóní, kí ìgbẹ́ ẹyẹlé má baà bá omi wọlé. Ó dára. Ìyẹn ni o mọ̀. Èyí tí o kò mọ̀ ni mo fẹ́ sọ, má sì já lu ọ̀rọ̀ mi, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe mí báyìí, mi ò tíì rí ẹni tó jókòó tì mí tó gbọ́ ọ tán. Imm Fayez, ìyá Fayez tó ń gbé ní ilé ẹ̀gbẹ́ wa, máa ń gbọ́ ìdajì, kó bú sẹ́kún, èmi ni n ó tún máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọ̀ràn tó bá mi, ṣé èmi náà ni kí n máa tu ẹlòmíràn nínú lórí rẹ̀?

Ìyá àgbà wa Ghazala àti ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ kànga yẹn nínú àpáta, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa béèrè ìwé àṣẹ lórí òkè yìí. Omi rẹ̀ la fi wẹ ìwọ ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọ. Òun la fi ń po ìyẹ̀fun, òun ni àgùntàn ń mu, òun la fi wẹ òkú bàbá wa. Mò ń sọ ọ́ kí o lè mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe ihò lásán.

Ìgbà tí o wá kí wa gbẹ̀yìn, o rántí, ẹnu kànga ti sán, omi ń jò. Èmi àti Mahir ọmọ mi po sìmẹ́ńtì, a fi dí ojú ibi tó sán. Kí ni a ṣe tó burú? Ẹni tí ẹ̀wù rẹ̀ bá ya, ṣé kò ní rán an? Ìwọ náà bọ́ bàtà, o bá wa pọnmi. Nígbà tí a parí, o fi ìka kọ orúkọ rẹ sára sìmẹ́ńtì tútù, o kọ ọdún sí abẹ́ rẹ̀, bí bàbá wa ti máa ń ṣe, bí gbogbo ilé tó wà lórí òkè yìí ti ń ṣe nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún nǹkan ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìkọ̀wé rẹ kò tíì sàn rárá.

Gbé ojú sókè. Mi ò tíì débẹ̀.

Wọ́n wá ní òwúrọ̀, àwọn ológun, pẹ̀lú ọ̀gá kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Ó ní, "Ìyá, ta ló fún yín láṣẹ kí ẹ kọ́ kànga tuntun?" Mo ní èwo ló jẹ́ tuntun níbẹ̀? Ìwé àṣẹ. Bàbá Mahir tọrọ ìwé àṣẹ láti kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọn kò dá a lóhùn títí ó fi kú. Lẹ́yìn tí a sin ín ni èsì dé, wọ́n ní rárá. Ẹni tó ti dé ibi tí kò ti nílò rẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń sọ fún pé rárá. Ṣùgbọ́n mi ò bínú sí ọkùnrin náà. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ti ń ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé. Mo mú un dé ẹnu kànga, mo fi ojú okùn hàn án, ibi tí okùn ìfami ti jẹ òkúta wọlé débi pé gbogbo ìka mi ń wọ inú rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, òkúta nìyí, okùn nìyí. Báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí okùn tó lè jẹ òkúta báyìí?"

Ó wo ojú okùn náà. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ kàn án. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, Raji. Ẹni tí kò mọ̀, mo lè kọ́ ọ, iṣẹ́ mi ni. Ẹni tó ti mọ̀ tó sì dijú, kí ni n ó kọ́ ọ? Ó yí padà, ó nàka sí ibi tí o kọ ọdún sí. Ó ní, "Ọdún tí ẹ kọ́ ọ nìyí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ síbẹ̀." Ó sì ya fọ́tò rẹ̀.

Mahir lọ jókòó sí ẹnu kànga. Kò sọ òkò, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn jókòó, ó káwọ́ gbera. Wọ́n wọ́ ọ kúrò níbẹ̀ bí ẹni wọ́ àpò ọkà. Títí di òní ó wà lẹ́wọ̀n, wọn kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀; bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá pé, wọn a tún fi òmíràn kún un. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń wó ilé wá ti òkúta àti erùpẹ̀ sínú kànga, ó sì yí àpáta kan dí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pá omi tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wá tẹ̀dó sórí òkè kejì, abẹ́ oko wa ló gbà kọjá. Bí o bá da etí rẹ lé ilẹ̀, o ó gbọ́ ọ, ó ń kùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìran wa da omi síwájú, Raji. Ta ló ń tẹ ilẹ̀ tútù náà?

Láti ìgbà tí ogun ti bẹ́ ní Gásà ni àwọn ará orí òkè kejì náà ti gbé aṣọ ológun wọ̀. Wọ́n lé àgùntàn wa kúrò níbi ìjẹko, wọ́n kó erùpẹ̀ dí ọ̀nà, ọkọ̀ tó ń gbé omi wá tà fún wa kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Ìwọ náà gba inú oko àwọn ẹlòmíràn ni kí o tó débí, mo rí ẹrẹ̀ lára táyà rẹ. Mo ń gbọ́ rédíò. Mo mọ̀ pé ní Gásà, abẹ́ àlàpà ni wọ́n ti ń wá ọmọ wọn. Ojú ń tì mí láti máa sunkún kànga níwájú irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n pa aládùúgbò, ṣé kí ẹni tí wọ́n ṣẹ́ lápá má ké ni?

O ní kí n máa bọ̀ ní ilé rẹ ní Yatta. O ní yàrá wà, o ní ẹ̀rọ omi wà. Ẹ̀rọ tó ń yọ omi nígbà tó bá wù ú, àbí o rò pé mi ò mọ̀? O ní kí n kàn wá sinmi títí nǹkan yóò fi rọlẹ̀. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ẹ̀gbọ́n Imm Fayez náà lọ sinmi. Kí ló wà nílẹ̀ rẹ̀ báyìí? Dáhùn. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún àti ajá ẹlòmíràn. Nígbà tó padà dé, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Òun tó dúró níwájú wọn tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní kò sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì tú Mahir sílẹ̀, ibo ló máa forí lé? Òkè yìí ni. Kí ló máa bá níbí, wáyà?

Kí lo sọ? Sọ ọ́ sókè.

O ní ìwọ lo fà á.

Mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn. Òun ni kò jẹ́ kí o wá láti ìgbà náà, òun náà ló sì gbé ọ wá lónìí tìwọ ti ọkọ̀ akẹ́rù, bíi pé tí o bá kó mi lọ, a ó gbàgbé. Gbọ́ mi, àbúrò mi. Orúkọ rẹ lo kọ sára ohun tí baba rẹ fi sílẹ̀ fún ọ. Ẹni tó kọ orúkọ sára ogún baba rẹ̀ kò jalè. Bí o kò bá kọ ọdún, àwọ̀ sìmẹ́ńtì ni wọn ì bá mú lò. Ẹni tó rí ojú okùn, tó fọwọ́ kàn án, tó wá yí padà ka ọdún, òun ni mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kí òùngbẹ máa bá a dé ibi tí omi wà. Kì í ṣe ìwọ. Nu ojú rẹ.

Ó dára. Ṣé o gbọ́ ohun tó ń ró lókè yẹn láti ìgbà tí o ti dé? Ìgbálẹ̀ ni. Imm Fayez ló wà lórí òrùlé mi, ó ń gbá a. Yọjú sí ẹnu ọ̀nà kí o wo bí àwọsánmà ti ṣú ní ìhà òkun. Èmi àti òun ti ń kó òkúta kéékèèké jáde láti ẹ̀gbẹ́ kànga, nínú agbọ̀n, díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo ju òkúta kan sí àlàfo tó wà níbẹ̀, mo dẹtí. Ó ró nínú omi. Omi ṣì wà nísàlẹ̀, Raji. Àpáta tó dí ẹnu rẹ̀ nìkan ni agbára obìnrin méjì kò ká.

Okùn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ, èyí tí o mú wá láti fi di ẹrù mi, mo ti wò ó, ó nípọn. Tú u sílẹ̀. Yí i po àpáta náà lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì ta á ní kókó tó le, kì í ṣe bí o ti ń so bàtà rẹ. Fi ìdí ọkọ̀ kọjú sí kànga, so ìyókù okùn mọ́ ọn, kí o wa ọkọ̀ síwájú jẹ́jẹ́. Bí okùn bá já, a ó tún un so. Bí àpáta bá sì yí, mo ní sìmẹ́ńtì díẹ̀ nínú ihò àpáta tí àgùntàn ń sùn, a ó fi tún ẹnu kànga ṣe. Kọ orúkọ rẹ sí i, kọ ti Mahir sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún ni kí o má kọ.

Ó yá, mu tíì rẹ tán. Òjò kò ní dúró dè wá.