Bíréèkì Tí Mo Yàn fún Lásísì

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni ní ilé-ìwé wa ní Adó-Èkìtì níbí, wọn á sọ fún yín pé aláwàdà ni mí, pé bí mo bá ní òjò ń rọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó ti ń bà mí láti ìgbà ọyẹ́ èṣí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé Lásísì, ọ̀rẹ́ mi, ti gba ọkọ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún un ṣe. Kò ní páàdì bíréèkì. Ó ní bí oṣù yìí bá ti parí, èmi àti òun la jọ máa lọ rà á. Irú èyí tí mo yàn fún òun nígbà àkọ́kọ́ gan-an lòun tún fẹ́. Ó tún ní òun fẹ́ rí ẹni tó tà á, kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ka ọjọ́ tó kù nínú oṣù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Lásísì í ṣe. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìṣirò ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ wa níbí. Mo fi nǹkan bí ọdún méje jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wa. Bó bá rí mi láàárọ̀, á bi mí bóyá mo ti jẹ “uyán” kí n tó kúrò ní “ulé”, nítorí ẹnu àwa ará Èkìtì máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Èmi náà á ní kí ará Ọ̀yọ́ kọ́kọ́ kí mi tán, bó bá di oṣù tó ń bọ̀, kó wá béèrè ohun tó fẹ́ béèrè.

Irú ọkọ̀ kan náà la rà, Pijó, tèmi funfun, tirẹ̀ búlúù. Orí òkè kan náà la ń gbé. Ní ìsàlẹ̀ òkè yẹn, níbi tí ọ̀nà wa ti já sí títì, ni àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń gbà kọjá láràárọ̀.

Páàdì ọkọ̀ àwa méjèèjì jẹ tán lásìkò kan náà. Bí a bá tẹ bíréèkì, á máa ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Lásísì kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ju kó wà á lọ. Ó rán mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ bá lè fi sí tiyín, ẹ bá mi fi sí tèmi.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yẹn. Èmi kò lè gbàgbé rẹ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sàfú tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Fájuyì. Bàbá yìí kì í kàn tajà féèyàn, ibi tí èèyàn ń wa ọkọ̀ lọ ló máa kọ́kọ́ béèrè. Mo ní ilé sí ilé-ìwé ni, ọjà, àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ó gbé páàlí méjì kalẹ̀. Ó ní ti inú èyí rọ̀, á tètè jẹ, á sì máa da eruku dúdú sára wíìlì, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ti kan bíréèkì báyìí, ó ti mú, ì báà jẹ́ ní kùtù òwúrọ̀. Ti èkejì le. Ó lálòpẹ́, ṣùgbọ́n ti àwọn tó ń sáré lọ́nà jíjìn ni. Àfi kó gbóná kó tó mú.

Ó wò mí lójú. “Tíṣà, láti ilé yín dé ìsàlẹ̀ òkè, kò ní tíì gbóná. Ẹ má rà á.”

Mo ní kó fún mi ní rírọ̀ náà, páàlí méjì. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, pé òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Mo lè dúró. Mo lè gbé rírọ̀ yẹn fún Lásísì kí èmi máa fẹsẹ̀ rìn. Mo ro gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páàlí. Lẹ́yìn náà mo ra méjèèjì. Mo parọ́ fún Bàbá Sàfú pé ẹnì kan tó ń ná ọ̀nà Èkó ló rán mi ní líle. Rírọ̀ lọ sára ọkọ̀ funfun. Líle lọ sára ọkọ̀ búlúù.

Mo wá fi ẹ̀fẹ̀ bò ó. Mo ní irú èyí tí àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje ń lò ni mo rà fún un. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé, ó ròyìn rẹ̀ fún gbogbo olùkọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó sọ fún mi lójú gbogbo wọn pé, “Ẹ̀gbọ́n, bíréèkì yìí, láàárọ̀ ó máa ń ṣe bí ẹni tó ṣì ń sùn.”

Ilẹ̀kùn rèé tó ṣí sílẹ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, rírọ̀ ti dé sí ṣọ́ọ̀bù. Kí ni mo sọ? Mo ní, “Bíréèkì ará Ọ̀yọ́ ni. Ó ní láti kọ́kọ́ kí ọ tán kó tó dá ọ lóhùn.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun ló rẹ́rìn-ín jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi níbi tí mo dé yìí. Ní ọjọ́ Ajé kan, ọkọ̀ tirẹ̀ ló ṣáájú, tèmi ń tẹ̀ lé e bọ̀ lórí òkè. Àwọn ọmọ ń kọjá nísàlẹ̀. Mo rí iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ tó tàn. Ó ti tẹ bíréèkì. Iná ń tàn, ọkọ̀ ń lọ. Iná ń tàn, ọkọ̀ ń lọ. Àwọn ọmọ tú ká. Lásísì yí ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó fi kọ lu ògiri bíríkì ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ tán. Kò kan ọmọ kankan. Èmi tẹ bíréèkì tèmi. Ó dúró lójú ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ló kán. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo lọ wò ó lọ́sibítù. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọpẹ́lọpẹ́ bíréèkì tí ẹ yàn. Bó bá jẹ́ yẹpẹrẹ ni, àwọn ọmọ yẹn ni ǹ bá pa.” Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹnu tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Lásísì wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ páàdì náà lára ọkọ̀ tó bàjẹ́, kí wọ́n fi sí tèmi, kó máa ṣọ́ mi títí òun yóò fi dìde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò tíì wẹ̀ tán tí Ìyá Ràmọ́tà, ìyàwó rẹ̀, fi dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú mẹkáníìkì kan tí n kò mọ̀ rí. Ó wé páàdì náà sínú ìwé ìròyìn bí ẹ̀bùn. Mẹkáníìkì tú táyà mi. Ó mú tèmi lọ́wọ́ kan, ó mú ti Lásísì lọ́wọ́ kejì, ó fi èékánná ha méjèèjì. Ó wò mí pẹ́.

“Tíṣà, ṣé ó dá yín lójú?”

Ìyá Ràmọ́tà ló bá mi dáhùn. “Ó dá wọn lójú. Àwọn náà ló yàn án.”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mẹkáníìkì fi í sí i. Obìnrin náà jókòó tì mí níwájú ọkọ̀, ó gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ gbé òun dé ọsibítù. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. A sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọmọ ń kọjá. Mo tẹ bíréèkì, ó sì rí gẹ́gẹ́ bí Lásísì ṣe wí, bí ẹni tó ṣì ń sùn. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Mo fa bíréèkì ọwọ́. Ọkọ̀ yọ́ lọ, ó yọ́ lọ, ó wá dúró níwájú ọmọbìnrin kan tó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lérí. Ìgbọ̀nwọ́ kan kò sí láàárín wọn.

Ìyá Ràmọ́tà mí kanlẹ̀, ó kọjú sí mi. “Ẹ ò rí i, Bàbá Títí? Ó dúró. Bíréèkì yìí dára lóòótọ́.”

Ọmọ náà mọ̀ pé tíṣà ni mí. Ó fi ọwọ́ kan di àpótí mú, ó kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀ mi, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n sì ń yìn mí pé nítorí ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, oṣù ń parí lọ. Kí ni kí n sọ fún un kí a tó dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sàfú?