Òkúta Méjì Tí Nodan Ń Kàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbé ife tíì sílẹ̀ ná. Waja Kahor, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù lórí ẹní yìí, ẹ̀yin lẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ní hàál, ìròyìn ọ̀nà, bí àṣà wa. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ń retí kò ju kí n ròyìn bí Mahganj ìyàwó mi ṣe kú, kí n dúpẹ́ pé ẹ gun ràkúnmí wá bá mi kẹ́dùn, kí n sì bi yín bóyá òjò ti kan ilẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Màá sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n hàál kan wà tí mo ti jẹ yín láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ti òní kò sì lè gba ẹnu mi kọjá àfi tí ti ìjọ́sí bá kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá ti ọ̀nà dé kì í parọ́ nínú hàál. Ó lè bá ará ilé rẹ̀ jà, ó lè ṣe ahun, ṣùgbọ́n tí a bá ti tẹ́ ẹní fún un tí a bi í ní ìròyìn ọ̀nà, ohun tí ojú rẹ̀ rí gan-an ni yóò sọ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi mọ ibi tí omi wà. Èmi Shahdad parọ́ nínú hàál. Orí ẹní bí irú èyí ni mo ti pa á, ẹ̀yin àgbà tó wà níhìn-ín sì gbọ́ ọ. Bakhtawar, ọmọ mi, mo mọ̀ pé o wà lẹ́yìn aṣọ àgọ́ yẹn láàárín àwọn obìnrin. Má tíì dìde. Ìwọ gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ inú yín kò mọ Nodan, bàbá tó bí Bakhtawar. Ìwo ńlá tó wà lórí sàréè rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ kàn kí wọ́n tó lọ ṣọdẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń rìn lórí àpáta. Bàtà tí a fi ewé ọ̀pẹ kúkúrú hun ni à ń wọ̀ nígbà náà, ẹsẹ̀ ènìyàn kì í dún nínú rẹ̀ ju ti ológbò lọ. Nodan a bu eruku díẹ̀ sáàárín ìka, a jẹ́ kó dà sílẹ̀, a wo ọ̀nà tó gbà fẹ́, a wá yí ojú sí mi, a rẹ́rìn-ín. A kì í sọ̀rọ̀ lókè. Ohùn ènìyàn ni ẹran orí àpáta ń sá fún, ṣùgbọ́n òkúta tó ń já bọ́ ti mọ́ ọn lára láti inú ìyá rẹ̀ wá. Nítorí náà òkúta la fi ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá fi òkúta kan òkúta lẹ́ẹ̀kan, mo ti rí ẹran nìyẹn. Tí mo bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi nìyẹn, ohun yòówù tí o bá ń ṣe, jù ú sílẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ fi àmì yẹn lélẹ̀ láti ìgbà tí a kò tíì hu irùngbọ̀n. Títí di òní, tí atẹ́gùn òwúrọ̀ bá gbé òórùn eruku gbígbẹ wọlé, ọkàn mi á dìde, á máa wá bàtà.

Òbúkọ àpáta kan wà lórí Òkè Gazdan nígbà náà, ìwo rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pé ó fẹ́ fi yún ìdí ara rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí a ń pè é ní Àáfà. Gbogbo ọdẹ agbègbè yìí ló ti lé e, ó sì ti sọ gbogbo wọn di ẹlẹ́yà. Ní àárọ̀ tí à ń lọ, Mahganj, tó jẹ́ ìyàwó Nodan nígbà náà, gbé àpò awọ omi fún wa. Oyún inú rẹ̀ ti ga débi tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Tí ẹ kò bá rí Àáfà pa, ẹ kúkú tò sẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ kírun, ẹ ó tilẹ̀ rí láádá gbé wálé." Nodan dá a lóhùn pé, "Shahdad ni yóò pe ìrun. Àpọ́n ni, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè ibi tó sùn." Mo ní, "Ìwọ tó níyàwó, ṣé kì í ṣe pé o ń sá fún un lo ṣe ń gun òkè kiri?" A rẹ́rìn-ín títí a fi yí ẹ̀yìn òkè kékeré. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú. Mi ò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bèbè àpáta kan wà lójú ọ̀nà tí ọwọ́ kò lè tó orí rẹ̀. A tú láwàní wa, a so ó pọ̀, Nodan kọ́kọ́ gùn ún lọ bí alángbá, ó sọ ìdí aṣọ sí mi, mo fi gòkè. Nítorí pé èmi ni mo gbẹ̀yìn, èmi ni mo ká aṣọ náà. Mo ní, "Gba tìrẹ." Ó ní, "Fi sọ́wọ́, a ṣì máa fi sọ̀kalẹ̀." Mo we láwàní méjèèjì mọ́ ìdí mi. Ẹ rántí èyí. Ó gba apá òkè lọ láti fi òórùn ara rẹ̀ da ẹran náà sí ọ̀dọ̀ mi, èmi sì ba sí ojú ọ̀nà tóóró. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ariwo òkúta tó ya lulẹ̀, púpọ̀, lójijì. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ kọ́, kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ti dìde. Mo fi Ọlọ́run búra pé mo ti dìde. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, Àáfà ló dúró ní góńgó àpáta tó kọjú sí mi, ìwo rẹ̀ gba gbogbo ojú ọ̀run. Mo tún jókòó.

Ó jìnnà sí ìbọn mi. Tí mo bá mí, yóò lọ. Kọ́, kọ́. Ẹran náà yí etí, ó gbọ́ ọ, ó tún tẹrí bọ koríko, nítorí òkúta ni lójú tirẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé Nodan ti rí i ni, ó ń pè mí kí n wá yìnbọn lọ́dọ̀ rẹ̀. Irọ́ ni. Mo mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀mejì jẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ẹsẹ̀ ló rọ́, yóò dúró dè mí díẹ̀. Oòrùn yẹ̀ kúrò lórí wa. Àìlà kọjá, òkúta náà ń dún, ó wá ń falẹ̀, ó ń dún kọ́, ó ń sinmi, kí èkejì tó tẹ̀lé e. Àáfà ń jẹ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí Aláásárì tó, ó wọ ibi tí ọwọ́ mi tó. Mo yìn ín. Ó ṣubú láì ta ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ará, inú mi dùn. N kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún yín: mo fọwọ́ wọn ìwo rẹ̀ kí n tó lọ wo ẹni tó ń pè mí.

Inú pàlàpálá àpáta ni mo ti bá Nodan. Egungun ti yọ lára itan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti kún abẹ́ rẹ̀, ó ti ń dì. Kò ní nǹkan kan tó lè fi di ẹsẹ̀ yẹn, aṣọ rẹ̀ wà ní ìdí mi. Òkúta méjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o pa á?" Mo ní mo pa á. "Ìwo rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ó gùn ju apá mi lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọlọ́run kẹ́ Àáfà. Mo kan òkúta títí, Shahdad." Mo ní, "Mi ò gbọ́ ọ. Atẹ́gùn ló gbé e lọ." Ó wo láwàní tó wà ní ìdí mi. Ó wo eruku orí àpáta, tí kò mì. Ọdẹ ni Nodan, kò sẹ́ni tó lè purọ́ atẹ́gùn fún un. Ó wá ní, "Ó dáa. Atẹ́gùn ni." Mo bu omi sí i lẹ́nu, mo fi láwàní méjèèjì di itan rẹ̀, nígbà tí kò sí ohun tí ó lè mú un dúró mọ́. Ó ní, "Sọ fún Mahganj pé obìnrin ni ọmọ yẹn, ara mi ti sọ fún mi. Kó sọ ọ́ ní Mahikan, orúkọ ìyá mi. Mi ò mọ ojú ìyá mi. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ yẹn nílé wa, kí ẹnìkan sì máa dáhùn." Mo ní, "Ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa pè é." Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Kí Mọgaríbì tó tó, ó ti lọ.

Nígbà tí mo gbé e dé, wọ́n tẹ́ ẹní. Waja Kahor, bàbá yín ló bi mí ní hàál. Mo ní Nodan ló yìnbọn. Mo ní ó ń sáré lọ bá ẹran rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ̀, ó sì ti kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ yìn mí. Ẹ ní ẹlòmíràn ì bá sọ ẹran tí òkú pa di tirẹ̀. Ẹ gbé ìwo yẹn sórí sàréè rẹ̀, ẹ sì gbàdúrà fún mi. Láti ẹ̀yìn aṣọ àgọ́ ni Mahganj ti béèrè pé, "Kò sọ nǹkan kan?" Mo ní, "Ó ti kú kí n tó débẹ̀." Bí mo ṣe fi ẹnu ara mi sé ẹnu ara mi nìyẹn. Nígbà tí a bí ọmọ, tó jẹ́ obìnrin lóòótọ́, wọ́n ní èmi ìbátan ni kí n mú orúkọ wá. Mahikan wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ ìyá Nodan nílé wa mọ́, òun náà kò sì pè é létí ẹnikẹ́ni rí àfi létí ìyàwó rẹ̀. Tí mo bá pè é, Mahganj yóò mọ̀ pé ó bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbé e mì. Mo ní, "Bakhtawar, olóríire." Ẹ wo orúkọ tí mo fún ọmọ tí mo sọ di aláìníbaba.

Mo fẹ́ Mahganj lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bí àwọn àgbà ṣe ní kí n ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò ó lọ́kàn pé tìtorí rẹ̀ ni mo fi jókòó lọ́jọ́ náà, rárá o. Ì bá sàn díẹ̀. Tìtorí ìwo ni. Lẹ́yìn náà ni mo tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìfẹ́ náà sì le, nítorí ohun tí mo jí ni mo ń jẹ. N kò tún ṣọdẹ mọ́, ẹ ní ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò sáré lọ síbì kankan. Inú àgọ́ ló jókòó sí, ó ń bá wa mu tíì. Tí òkúta bá já bọ́ lórí òkè, Mahganj á gbórí sókè, á wò mí.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ikú rẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé itan, mo ń fún un ní tíì. Ó ní, "Shahdad, fún mi ní hàál." Mo ní, "Hàál wo? Ṣebí inú ilé la jọ wà." Ó ní, "Ti Òkè Gazdan. Mo ti darúgbó, n kò lágbára ìbínú mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni kò sọ nǹkan kan?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo ṣe lórí òkè, ọ̀dọ́ ni mí, ojúkòkòrò sì di mí létí. Èyí kò ní àwáwí. Obìnrin tó ń kú lọ nawọ́ sí mi fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀, ó wà lẹ́nu mi, mo sì ń bẹ̀rù pé yóò fi ojú burúkú wò mí kí ó tó dijú. Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan." Ó gbé e yẹ̀ wò, ó ní, "Ó dáa. Tí mo bá débẹ̀, màá bi í." Ohùn kan náà tí Nodan fi sọ "atẹ́gùn ni" ló fi sọ ọ́.

Ó ti bi í báyìí. Àwọn méjèèjì ti mọ̀. Èmi nìkan ló kù láyé níbí, tí àárò wọn ń sọ mí, tí n kò sì mọ ojú tí màá fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ bá mi gbé ìwo yẹn kúrò lórí sàréè Nodan. Kì í ṣe tirẹ̀, kò béèrè fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun òkè, ẹran yóò tún wà. Òkè ń bí ẹran lọ́dọọdún. Tí ẹnikẹ́ni bá kan òkúta pè yín, kódà bí ohun tí ẹ ti ń lé láti kékeré bá dúró síwájú yín, ẹ kẹ̀yìn sí i.

Mahikan. Ìwọ ni mo ń pè, ìwọ ọmọ Nodan. Bàbá rẹ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì gbé orúkọ rẹ mì títí irun funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí ìwọ náà. N kò ní kí o dá mi lóhùn. Òkúta méjì tí mo tẹ́ sétí aṣọ àgọ́ yìí, ọwọ́ bàbá rẹ ni mo ti gbà á, inú àpò àlìkámà ni mo fi í pamọ́ sí látọjọ́ yẹn. Tí o bá lè dárí jì mí, ìbáà ṣe lónìí, ìbáà ṣe ọdún mìíràn, má wulẹ̀ fọhùn. Kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti darúgbó, etí mi kò dá ṣáṣá mọ́, ṣùgbọ́n màá gbọ́. Màá sì dìde.