Iṣẹ́ Ọwọ́ Fólúkẹ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Dáná Sun

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dí mi lẹ́nu lọ́jọ́ tí ẹnu mi ì bá kó bá mi. Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Mo kọ ẹ̀rí yìí sórí ìwé kí n lè kà á, torí bí mo bá ní kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìkọ ọ́, inú á bí mi ju bó ti yẹ nínú ilé Ọlọ́run lọ. Alàgbà tó ń darí ètò ní kí n ṣe é ní ṣókí. Mo gbọ́, sà. Mi ò ní pẹ́, àmọ́ mi ò ní fo ohunkóhun.

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná. Mo ń dúpẹ́, inú sì ń bí mi, Ọlọ́run sì mọ méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ Fólúkẹ́. Fún ẹ̀yin tí ibi iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Warri, aya mi ni, ó sì kú kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni nígbà tí a wà ní Èkó. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá síbí, kò ríṣẹ́ tíṣà mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Amọ̀ tó ń lò kì í ṣe amọ̀ ilẹ̀. Irú ike kan ni, ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, pólímà ni wọ́n ń pè é. Á pò ó títí á fi gba ooru ọwọ́ rẹ̀, á fi ìgò yí i tẹ́ pẹrẹsẹ, á wá gbé ewé tútù lé e. Bó bá ṣí ewé náà kúrò, gbogbo iṣan rẹ̀ á ti hàn lára amọ̀. Á yan án nínú ààrò kékeré kan, á fi sáńdípépà fá a nínú omi títí á fi máa dán. Wáyà fàdákà ló máa fi yí i ká. Nígbà míì, fàdákà nìkan ló máa fi ṣe é, á lù ú, á gé e, á tún lù ú, títí ohun tó rí nínú igbó á fi jáde níbẹ̀.

Tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé bá mọ́, èmi ni mo máa ń wà á lọ sí etí odò ní Ubeji. Èmi á jókòó sínú ọkọ̀, òun á máa ṣa ewé, ìyẹ́ ẹyẹ àti ìkarahun ìsáwùrù. Á padà wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, á ní, “Bàbá Ìbùkún, ẹ wo ohun tí Ọlọ́run jù sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ṣà.”

Kíndìnrín ló pa á. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí mo ti gbọ́ oríṣiríṣi. Àrùn kíndìnrín ni.

Nígbà tó wà ní ọsibítù, ẹgbẹ́ àdúrà wá kí i, Màmá Ìtùnú tó jẹ́ olórí wọn ló ṣáájú. Wọ́n wà níbí láàárọ̀ yìí. Mo kí yín, mà. Aya mi wọ ṣéènì kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, fàdákà kan tó ká jọ roboto sì so rọ̀ níwájú rẹ̀, orí rẹ̀ wà láàárín, ìrù rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí nìyẹn. Wọn ò tíì béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Màmá Ìtùnú ní, “Fólúkẹ́, jẹ́wọ́. Ta ló fún ọ ní ejò yìí? Odò wo lẹ ti mulẹ̀?”

Aya mi ní, “Ewé ni, mà. Màmá, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ bá mi bẹ dókítà kó jẹ́ kí n mu omi díẹ̀.”

“Ṣé ẹ gbọ́? Ṣé ẹ gbọ́? Omi ló ń pè é!”

Ni gbogbo wọn bá bú sí àdúrà ogun. Ẹ̀yin ará, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n máa ń díwọ̀n omi fún un. Òùngbẹ lásán ni. Obìnrin tó ń kú lọ bẹ̀bẹ̀ fún omi, wọ́n sì fi ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Mo wà níbẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n tún wá sílé wa ní ẹ̀gbẹ́ Warri–Sapele Road. Wọ́n ní àpótí tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló pa á, àti pé bí a ò bá sun ún, Ìbùkún ọmọ wa ló kàn. Mo ní rárá. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Wọ́n tún padà wá, mo tún fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo lọ síbi iṣẹ́, Ìbùkún pè mí. Ọmọ yunifásítì ni, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ bá a sọ Yorùbá, Warri ló máa fi dá yín lóhùn.

“Daddy, Mama Ìtùnú and dem don carry Mummy box go church! I hold am, dem drag am comot my hand. I dey follow dem dey go so. Daddy, come o!”

Mo wọ ọkọ̀. Àdúrà tí mo gbà lójú ọ̀nà kò gùn. Mo ní, “Olúwa, pa àpótí yẹn mọ́, kí O sì pa ẹnu mi mọ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni O máa ṣe, àpótí ni kí O pa mọ́.”

Ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọ̀pẹ, níbi tí a ti máa ń sun ìdọ̀tí nínú àbọ̀ dúrọ́ọ̀mù, iná ti ń jó. Wọ́n ti da apá kan iṣẹ́ pólímà sínú rẹ̀, èéfín dúdú ń rú, àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin. Ọmọ mi jókòó lórí àpótí. Wọ́n ń fà á lápá, kò dìde.

“Una go burn me join! I no dey stand up!”

Mo la ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jáde, mi ò ní sọ ọ́ níwájú pẹpẹ. Àmọ́ omijé ló ṣáájú ọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí omijé mi, mo bá gbójú sókè kó má baà já bọ́. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti dá mi lóhùn.

Ọ̀mu, ewé tó máa ń hù sára igi, wà lára ọ̀pẹ yẹn. Ó hù yí ìdí àwọn imọ̀ tí a ti gé kúrò ká, èyí tó dàgbà ti na ara rẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ṣì ká jọ roboto, orí láàárín, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́. Láti ọdún tí a ti ń jọ́sìn níbí, mi ò wò ó rí. Mo nawọ́, mo já ọ̀kan. Mo ní kí Ìbùkún bọ́ ṣéènì ìyá rẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀ fún mi. Mo kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Kódà irun wẹ́wẹ́ tó wà lára ọ̀mu yẹn, Fólúkẹ́ ti fi abẹ́rẹ́ fín in sára fàdákà.

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ejò nínú méjèèjì?”

Ìyá Ìlàjẹ tó ń yan ẹja tà ló sún mọ́ wa, ó wo ọwọ́ mi, ó wo òkè ọ̀pẹ.

“Yéè! Ọ̀mu ọ̀pẹ mà ni! Màmá Ìtùnú, ṣé ọ̀pẹ wa náà wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn ni? Abeg, na dis same palm we dey cut carry shout Hosanna o!”

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Màmá Ìtùnú kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ká tiẹ̀ ní ewé ni. Ìkarahun ìsáwùrù ńkọ́? Ṣebí odò ló ti wá? Ẹ jẹ́ ká kúkú sun gbogbo rẹ̀, kí ọkàn wa lè balẹ̀.”

Ìyá Ìlàjẹ ní, “Ẹja tí ẹ rà lọ́wọ́ mi lánàá, odò náà ló ti wá, ẹ tiẹ̀ ní kí n fi èyí tó sanra ṣe ènì. Ó ti wà nínú yín báyìí. Ṣé ká dáná sun ẹ̀yin náà ni, Màmá?”

Ẹ̀rín yẹn ló tú wọn ká. Ẹni tó di apá ọmọ mi mú jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹnìkan bu omi pa iná. Ìbùkún dìde, a gbé àpótí náà sínú ọkọ̀. Ohun tó ti jóná ti jóná, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù wà nílé mi.

Ẹnikẹ́ni ò tọrọ àforíjì. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé, “Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run ti ṣẹ́gun.” Ó ṣẹ́gun ta ni? Wọ́n tún ní kí n wá jẹ́rìí pé Ọlọ́run gba ilé mi lọ́wọ́ ẹ̀mí omi. Ẹ̀rí náà nìyí. Ọlọ́run gbà mí lóòótọ́. Kì í ṣe lọ́wọ́ ẹ̀mí omi. Lọ́wọ́ yín ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mi ò pariwo, mi ò sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ wo àánú Ọlọ́run!

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó wà níbí ló ní yẹtí tí Fólúkẹ́ ṣe, tí ẹ sì ti bọ́ ọ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ejò ti dé. Ẹ ò kúkú jù ú nù, ẹ kàn fi í pamọ́. Ẹ yọ ọ́ jáde. Ògo ni fún Ọlọ́run tó dá ọ̀mu sára ọ̀pẹ, tó sì dá ojú tó rí i fún aya mi. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi yọ̀, kó má wulẹ̀ ṣe àmín. Kó fi yẹtí rẹ̀ sétí wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni èmi àti Ìbùkún máa dúró sí. A ó máa wo etí yín.