Ọṣẹ Inú Páìpù

Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Oǹdó, nínú takisí tó ń lọ sí Òkè-Ìlá, mo gbọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ṣe ń bá ìyá rẹ̀ tó ń se ọṣẹ dúdú sọ̀rọ̀.

"Màmá, ìkòkò ńlá yẹn ló jó yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àdín gba páìpù kan, kí omi eérú gba òmíràn, kí wọ́n pàdé nínú páìpù gbígbóná. Ọṣẹ á máa ṣàn jáde láìdúró."

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà nínú páìpù ló máa bàjẹ́, kì í ṣe odindi ìkòkò."

"Ta ni yóò máa rò ó?"

"Kò sẹ́ni tó máa rò ó. Bó ṣe ń ṣàn ló ń pò pọ̀."

Ìyá wo ọwọ́ rẹ̀ tó jó, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ bá wá múnú bí mi, kí ni n ó máa rò?"